Orúkọ Méjì Nohelia

Ìyá àgbà ni Aldemar kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tó wọ ilé Don Heriberto, kì í ṣe ọmọbìnrin tó tìtorí rẹ̀ wá. Ìyá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi òwú funfun hun aṣọ orí tábìlì. Ó wo bàtà àlejò náà dáadáa kó tó wo ojú rẹ̀.

“Ìwọ ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì?”

“Èmi ni, Mamita,” ó pè é bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá àgbà náà.

“Níbí lẹ ó ti máa kẹ́kọ̀ọ́, lójú mi báyìí. Ilẹ̀kùn ò ní í tì. Heriberto ọmọ mi ò gbà kí ọkùnrin àti obìnrin dá jókòó nínú ilé yìí.”

Nohelia, ọmọ Don Heriberto, gbọ́ ọ láti ìdí ààrò. Ojú tì í débi pé ì bá wọnú àpò fúláwà lọ. Nígbà tó fi máa jáde sí pálọ̀, fúláwà ti wà ní irun rẹ̀, kò sì mọ̀. Aldemar dìde. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, àmọ́ ó lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ gbéyàwó.

“Ẹ káàsán,” ó ní.

“Ẹ káàsán, Tíṣà.”

Ní Manizales, ìlú wọn ní Kòlóńbíà, èèyàn kì í sáré pe ẹnìkejì rẹ̀ ní “ìwọ”. Àwọn tọkọtaya mìíràn wà tó jẹ́ “ẹ̀yin” ni wọ́n ń bá ara wọn sọ títí ikú fi yà wọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Nohelia. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí ìyá rẹ̀ di ẹrù lọ sí Spéènì tí kò padà, ìdí ààrò tí bàbá rẹ̀ fi ń yan búrẹ́dì tà ló wà. Yunifásítì kan ní Kánádà ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un, bó bá lè yege ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe ní Bogotá. Don Heriberto gbà kó ṣe é, nítorí ó dá a lójú pé yóò fìdí rẹmi.

“Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú,” ó sọ fún Mamita ìyá rẹ̀. “Bó bá kùnà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ sílé.”

Gbólóhùn àtúnṣe ló ń dà á láàmú jù nínú ìdánwò náà. Wọ́n á fàlà sábẹ́ ibì kan nínú gbólóhùn, wọ́n á to ìdáhùn márùn-ún tì í, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ́. Aldemar ka ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wá túmọ̀ rẹ̀: “‘Ọkùnrin náà fẹ́ràn ijó jíjó, orin kíkọ, àti pé ó máa ń lúwẹ̀ẹ́.’ Kí ló burú níbẹ̀?”

Nohelia tẹjú mọ́ ìwé. Kò rí nǹkan kan.

“Ó ń tiro,” Mamita ní.

“Ẹ ní kí ni, Mamita?”

“Gbólóhùn yẹn ń tiro. Ẹsẹ̀ méjì dọ́gba, ẹ̀kẹta ò dọ́gba. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mi ò sọ̀rọ̀.”

Aldemar bú sẹ́rìn-ín. “Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìrísí kan náà ló gbọ́dọ̀ ní.”

“Á à!” Nohelia gbójú sókè. “Bíi tíréè búrẹ́dì. Mi ò lè kó pandebono wàràkàṣì kéékèèké àti búrẹ́dì gígùn sórí tíréè kan náà. Kí ọ̀kan tó jinná, èkejì á ti jóná.”

“Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní nǹkan yìí,” Aldemar ní. “Kò sẹ́ni tó tíì fi búrẹ́dì kọ́ èmi alára.”

Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọ ọkàn Nohelia. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì bà á.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sí tábìlì yẹn. Lọ́jọ́ kan, Aldemar kọ gbólóhùn kan sínú ìwé Nohelia kó tún un ṣe: “Obìnrin náà rẹwà, ó gbọ́n, àti níní ọwọ́ tó ń ta sánsán bíi búrẹ́dì.”

Ojú Nohelia pọ́n bí iná ààrò. “Ó ń tiro,” ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Mo mọ̀. Ẹ bá mi tún un ṣe.”

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: “Obìnrin náà rẹwà, ó gbọ́n, ó sì ti gbọ́.”

“Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?” Mamita bi wọ́n.

“Gírámà ni, Mamita.”

“Gírámà! Òun náà ni bàbá àgbà rẹ fi mú mi.”

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ti ń dùn ni Nohelia ń ro ohun tó ń bọ̀. Bó bá kùnà, ààrò ló kàn. Bó bá yege, á fi Aldemar sílẹ̀, nítorí ìyá Aldemar ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà tó bá yà sí, ògiri ni.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé. Aldemar ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì. Don Heriberto wọlé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára épírọ́ọ̀nù, ó dúró sẹ́yìn wọn.

“Orúkọ ìdílé?” Aldemar béèrè.

Méjì ni orúkọ ìdílé gbogbo èèyàn ní Kòlóńbíà, ti bàbá ṣáájú, ti ìyá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá Nohelia ti lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Giraldo, orúkọ ìdílé ìyá náà, nínú ilé yẹn mọ́.

“Arbeláez,” Don Heriberto ní. “Ó parí.”

Ìka Aldemar dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo Nohelia. Nohelia wo ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ Mamita dákẹ́. Aldemar tẹ̀ ẹ́.

Nohelia àti Mamita wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bogotá. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdánwò gba ìwé ìrìnnà Nohelia, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo ìwé náà.

“Orúkọ ìdílé méjì ló wà nínú ìwé yín, ọ̀kan ṣoṣo lẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má bínú, àǹtí mi. Òfin ni. Ẹ ò lè wọlé.”

Nohelia ò sunkún níbẹ̀. Kò sunkún nínú bọ́ọ̀sì tó ń yí òkè kiri. Ìgbà tí Mamita fa búrẹ́dì wàràkàṣì tí Nohelia fúnra rẹ̀ yan láàárọ̀ àná lé e lọ́wọ́ ni omi dà lójú rẹ̀.

“Ṣé o rí i báyìí?” bàbá rẹ̀ ní nígbà tí wọ́n délé. “Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Lọ sinmi, ọmọ mi. Ààrò ò lọ síbì kankan.” Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dùn ún jù.

Aldemar wá lásìkò ẹ̀kọ́. Nohelia ò jókòó.

“Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń forúkọ èèyàn sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa dá mi padà?”

Aldemar pa ìwé rẹ̀ dé. “Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?”

“Bàbá yín dúró síbẹ̀, mo…” Ó mi orí. “Rárá, irọ́ ni mo fẹ́ pa. Mo rò ó pé bẹ́ ò bá wọlé, ẹ ò ní í lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Nohelia.”

“Bàbá mi tìlẹ̀kùn mọ́ mi, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ló tì í. Ẹ̀yin tì í, ẹ tún jókòó tì mí, ẹ ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹ máa lọ.”

Ó lọ. Mamita ká òwú rẹ̀ jọ sórí itan.

“Èmi náà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Èmi ni mo gbé ọ lọ ṣèrìbọmi, mo mọ̀ pé orúkọ rẹ méjì ni. Mo dákẹ́.”

“Ẹ̀yin náà, Mamita?”

“Bó o bá lọ, ta ló máa bá mi jókòó sídìí fèrèsé? Gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú ilé yìí, ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́.”

Ní ọjọ́ kẹta, Aldemar padà wá, àmọ́ kò gba pálọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé bí àwọn èèyàn ti tò fún búrẹ́dì, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí káńtà.

“Don Heriberto, mo wá tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Àyè ìdánwò kan ṣì wà ní Bogotá kí yunifásítì náà tó dẹ́kun gbígba èsì ìdánwò. Mo fẹ́ kọ orúkọ ọmọ yín pé.”

“Orúkọ rẹ̀ pé. Arbeláez ni.”

Nohelia jáde láti ìdí ààrò. Kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. “Nohelia Arbeláez Giraldo,” ó ní.

Àwọn tó tò síbẹ̀ yí ojú sí Don Heriberto.

“Pandebono mẹ́rin,” bàbá kan ní lórí ìlà, “kó tó tutù o.”

Don Heriberto gbé ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó lanu, ohùn ìyá rẹ̀ jáde láti pálọ̀: “Heriberto! Orúkọ kejì tí ìwọ ń jẹ́, èmi ni mo fún ọ. Ṣé wàá pa ìyẹn náà rẹ́?”

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó wọ ìdí ààrò lọ, ó fi káńtà sílẹ̀ fún wọn.

Nohelia ṣe ìdánwò náà, ó yege.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Mamita jókòó sáàárín òun àti Aldemar lórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, òwú rẹ̀ lọ́wọ́. Don Heriberto ò wá. Ó fi àpò búrẹ́dì ránṣẹ́, ó ṣì gbóná. Ó ti kọ orúkọ sára bébà rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún oníbàárà: Nohelia Arbeláez G. Nohelia gbé àtàǹpàkò lé lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn, lẹ́tà Giraldo, kò sì gbé e kúrò.

“Mi ò ní í sọ pé kẹ́ ẹ dúró,” Aldemar ní. “Àìsàn ìyá mi ò ní í jẹ́ kí n lè tẹ̀ lé yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá…”

Wọ́n ń pe àwọn èrò ọkọ̀ Bogotá. Nohelia wò ó kọjá orí òwú Mamita.

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ,” ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. “Mo ti dárí jì ọ́. Mo ń lọ.”

Aldemar bo ojú rẹ̀.

“Ìyẹn ò tiro rárá,” Mamita ní. Ó kó òwú rẹ̀ sápò, ó dìde, ó fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. “Mo fẹ́ rìn dé ọ̀hún. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré.”

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú náà sókè kí wọ́n lè máa gbọ́. Nígbà tó ka ẹ̀karùn-ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.