Àmì Pupa Lábẹ́ Agolo Mílíìkì

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé yìí lójú títì, má tíì ká a sápò. Gbọ́ ti Adéyínká ná.

Àdúgbò Ogida ló ń gbé, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń tajà pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Á lọ ra mílíìkì ọmọ ọwọ́ olórúkọ ńlá tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ní àwọn ilé ìtajà GRA, nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Bó bá délé, á pa ọjọ́ ìdí agolo rẹ́, á tẹ òmíràn sí i, á wá kọ ọ́ pé: "Tuntun ni. Ojúlówó ni."

Ó gbọ́n o! Kí ọ̀kan má baà ṣèèṣì wọ ilé tirẹ̀, ó máa ń fi bírò pupa ṣe àmì kékeré sí ìdí agolo tó bá ti fọwọ́ kàn.

Olúfẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Uselu, kìlọ̀ fún un. "Yínká, ọmọ ọlọ́mọ ló ń mu nǹkan yìí."

"Ọmọ ta ló ti kú? Jẹ́ n rí jẹ, jàre."

Motọ́lání, ìyàwó rẹ̀, bí Ìtùnú, ọmú rẹ̀ ò sì sẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ra mílíìkì wá kí ìyá ọmọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rà á. Adéyínká ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó lọ fi ẹrù ránṣẹ́; nígbà tó dé, kò yẹ ìdí agolo náà wò.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Ìtùnú fi ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Olúfẹ́mi ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí dókítà béèrè ohun tí ọmọ ń mu, Motọ́lání fa agolo yọ. Dókítà yí ìdí rẹ̀ sókè.

Adéyínká rí àmì pupa. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá," ni dókítà wí. "Kì í ṣe mílíìkì yìí ló fà á. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan mìíràn."

Yéè! Irọ́ rẹ̀ ti ń ṣi dókítà lọ́nà. Ó sáré bọ́ síta bá Olúfẹ́mi. "Fẹ́mi, mo ti pa ọmọ mi!"

"Kò tíì kú. Wọlé lọ sọ òtítọ́."

"Wọ́n á mú mi!"

"Wọ́n lè mú ọ. Jésù ò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Yínká, ọmọ ń lọ!"

Adéyínká wólẹ̀. "Jésù, olè ni mí. Ìkà ni mí. Gbà mí!" Ó dìde, ó wọlé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níṣojú ìyàwó rẹ̀.

Dókítà yí ìtọ́jú padà. Ìtùnú yè.

Adéyínká fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n da mílíìkì náà nù. Obìnrin kan dá a lóhùn: "Ọmọ mi kú lóṣù tó kọjá. Ṣé òun ló fà á ni?"

Ó mọ̀ pé Kristi ti dárí ji òun. Títí di òní, kò mọ èsì tí yóò fún obìnrin yẹn.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí o fi àmì pupa tìrẹ sí. Ọjọ́ tí Olúfẹ́mi kìlọ̀ fún Adéyínká, ọmọ obìnrin yẹn ṣì wà láàyè. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Mo bẹ̀ ọ́, kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o dá a lóhùn.