Oníkéèkì Tó Mú Nọ́ọ̀sì Bínú

Oníkéèkì wọ yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀, ìyẹ̀fun funfun dé ìpéǹpéjú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá kí ará ilé. Arẹwà ọkùnrin ni. Ìyẹn gan-an tún bí Nọ́ọ̀sì nínú.

Òòyì ló kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ló fi wá. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga. Ó gún un níka, ó wo ẹ̀rọ, ó pariwo.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà rẹpẹtẹ! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkàn yín daṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé bí ẹ ṣe máa ń kí àlejò nìyí?"

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Àrùn ọkàn ló pa bàbá tiẹ̀. Ó ní kó padà wá rí dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Oníkéèkì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo wá kí ẹ bú mi sí i ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bínú nítorí mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. Wọ́n jọ ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "ẹ" ti di "o", "o" ti di "olólùfẹ́ mi".

Ìyá Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó fárí gá. "Ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru! Ti bàbá rẹ ò tíì tó ẹ ni? Kó má tẹ ilé mi o!"

Nọ́ọ̀sì sunkún títí, ó gba ṣọ́ọ̀bù kéèkì lọ. Ó bá olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń fi ìka wọ́n ṣúgà lúbúlúbú sórí kéèkì, tó ń nu ọwọ́ mára. Nọ́ọ̀sì rántí nǹkan kan. Òun ò ní kó fọwọ́ kóun tó gún un níka lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn!

"Lọ fọwọ́! Fi ọṣẹ sí i!"

Ó fa ẹ̀rọ àyẹ̀wò yọ nínú àpò, ó tún gún un níka. Ṣúgà rẹ̀ ò ju ti ẹlòmíì lọ.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe," Nọ́ọ̀sì ní, ojú ń tì í. "Ṣúgà ọwọ́ ẹ ni mo wọ̀n."

Oníkéèkì gbé e sókè, ó fò fáyọ̀. Ẹ sì wo ìwà ọkùnrin: ó fa sìgá yọ láti fi ṣàjọyọ̀! Bí mo bá wà ńbẹ̀ ni, màá gbá a létí.

"Ṣúgà nìkan ló lọ o!" Nọ́ọ̀sì kígbe. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wà lára ẹ, o tún ń fa èéfín sí i! Tó o bá fẹ́ kú, wá ẹlòmíì tó máa sin ẹ́!"

Nọ́ọ̀sì bínú lọ. Oníkéèkì ju páálí sìgá nù, ó lọ rí dókítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó yá, ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá Nọ́ọ̀sì.

"Ṣé o lè búra pé o ò ní í kú mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́?" ìyá bi í.

"Mi ò lè búra, Mà. Irọ́ ni màá pa. Mo ti jáwọ́ nínú sìgá, àmọ́ mo mu ọ̀kan lánàá. Ojú ara mi ń tì mí."

Nọ́ọ̀sì, tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, lanu láti bú u. Ìyá na ọwọ́ dá a dúró.

"Jálẹ̀ ìgbéyàwó wa ni bàbá rẹ ń fi sìgá tiẹ̀ pa mọ́ fún mi. Eléyìí jẹ́wọ́." Ó yíjú sí Oníkéèkì. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. "Wọlé. Fẹ́ ẹ. Àmọ́ tó o bá sọ ọmọ mi di opó, màá wá bá ẹ jà lọ́run."