Ẹni Tó Bọ́ Sí Àyè Mikail

Lọ́jọ́ tí Débọ́lá kọ́kọ́ rí Mikail, ìbínú ni ọmọkùnrin náà bá wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ Kọ̀ǹpútà níbí?" Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, fóònù lọ́wọ́. "Wọ́n ní Kọ̀ǹpútà ló fi mí sí Apapa láàárọ̀ Sátidé, tó tún fi mí sí Badagry láàárọ̀ Sátidé kan náà. Mo ní kí n wá kí i."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Débọ́lá, ó gbé e mì. "Èmi ni, sà. Ẹ jókòó."

Ọdún 2008 nìyẹn, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Fifth Avenue, Festac, tó máa ń ya fídíò ètò ìta gbangba fún tẹlifíṣọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ara pátákó ni wọ́n ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí. Ọ̀gá Ezra tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló wá ra sọ́fítíwíà tó ń pín iṣẹ́. Àtẹni tó ń gbowó oṣù, àtàwọn fíríláńsì tí wọ́n ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá wà, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Débọ́lá ló ń bójú tó o. Bó bá ti fi orúkọ èèyàn síbi iṣẹ́ kan, tẹ́ẹ̀sì á wọlé sórí fóònù onítọ̀hún. Bó bá sì yọ ẹnì kan kúrò, sọ́fítíwíà á wá ẹlòmíràn tó ráyè, á gbé orúkọ rẹ̀ jáde, á béèrè bóyá kóun fi í sí i.

Fíríláńsì ni Mikail. Iná ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ló máa ń gun òpó irin lọ sókè láti so àwọn iná ńlá mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú," Débọ́lá wí. "Mo ṣì ń kọ́ nǹkan náà lọ́wọ́ ni."

Mikail wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. "Kọ̀ǹpútà tó rẹwà báyìí? Ta ló fẹ́ bá a jà?"

Badagry náà ló padà lọ. Nígbà tó dé, ó gbé gúrúdì wá fún un nínú ọ̀rá. Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, bí Débọ́lá bá ti ṣíwọ́, wọ́n á jọ rìn jẹ́jẹ́ títí dé kúlóòsì tí ilé Débọ́lá wà, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn.

"Kí ni oríkì rẹ?" Mikail bi í lọ́jọ́ kan.

"A kì í lo oríkì nílé wa. Orúkọ inú Bíbélì àti Débọ́lá nìkan ni mo ní."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Odidi ọmọ Yorùbá. Ó dáa, èmi á máa pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi."

Orúkọ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bó bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣe ni ara rẹ̀ máa ń gbóná láti orí dé ẹsẹ̀.

Alhaja Fàósátù, ìyá Mikail, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìyẹ̀fun, mílíìkì àti ọṣẹ ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Lọ́jọ́ tí Mikail mú Débọ́lá lọ síbẹ̀, ó gbá a mọ́ra. "Ẹni tí ọmọ mi bá fẹ́ lèmi náà fẹ́. Ọlọ́run kan náà là ń ké pè. Ìyàwó mi, jókòó."

Nílé Débọ́lá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Díákónẹ́sì ni ìyá rẹ̀ nínú ìjọ wọn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ààwẹ̀ náà, ó pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá.

"Sister Bernice tó ń darí àdúrà wa ríran sí ọ. Ọkùnrin kan ló rí, tó já bọ́ láti òkè. Ìwọ ló sì rí tí ò ń sunkún lórí ẹ̀. Débọ́lá, bí ọmọkùnrin yẹn kò bá fi ọ́ sílẹ̀, kò ní pẹ́ láyé."

"Mọ́mì, ṣe lẹ fẹ́ dẹ́rù bà mí."

"Ó yẹ kí ẹ̀rù bà ọ́."

Débọ́lá fi orí kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti gbà á. Ìgbàkúùgbà tó bá fẹ́ fi orúkọ Mikail síbi tí wọ́n á ti gun òkè, á kọ́kọ́ lọ wo ojú ọ̀run lẹ́nu fèrèsé. Ó ń gbọ́ ìró irin nínú oorun. Nígbà tí Mikail bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á ṣàdédé ṣókùnkùn sí i bíi ti ẹni tó ti lọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fi í sídìí jẹnẹrétọ̀, ó fi í sídìí wáyà, kò jẹ́ kó gun òpó mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé?" Mikail béèrè. "Iṣẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Àbí mo ti ṣẹ ọ̀gá ni?"

"Bí sọ́fítíwíà ṣe pín in ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún un nìyẹn. Ó dùn ún, síbẹ̀ kò lè sọ òótọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa wí fún ẹni tó fẹ́ràn pé wọ́n ti rí ikú rẹ̀?

Ní oṣù kẹfà, ìjọ kan gbé ìsọjí ńlá kalẹ̀ sí pápá kan ní Amuwo-Odofin. Òpó iná tó ga jù lọ nílé-iṣẹ́ ni wọ́n máa lò níbẹ̀. Ọ̀gá Ezra fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi Mikail sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Débọ́lá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀. Ó yọ orúkọ náà.

Lójú ẹsẹ̀, orúkọ mìíràn yọ lójú kọ̀ǹpútà. Táyé ló ráyè. Ṣé kóun fi í sí i?

Ọ̀rẹ́ Mikail tímọ́tímọ́ ni Táyé. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ṣẹ́. Òun àti ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé, ló jọ ń gbé ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, nítorí òbí wọn ti kú. Bó bá rí Débọ́lá, á kígbe pé òun lòun máa gbé àpótí ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọwọ́ Débọ́lá dúró. Kò sí bó ṣe lè ní òun kò rí orúkọ náà. Ó rí i kedere. Ó sì tún rí ojú Mikail lọ́kàn rẹ̀.

Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Ìyàwó wa!" Ohùn Táyé ni, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti rí tẹ́ẹ̀sì o. Ẹ ṣeun gan-an, ó pẹ́ tí n kò ríṣẹ́. Ọlọ́run á pèsè fún ẹ̀yin náà."

Débọ́lá fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ẹnu rẹ̀ là, ohun tó sì jáde ni, "Ẹ rọra o."

Lọ́sàn-án, ìjì jà. Ó ká páànù, ó wó igi. Ọ̀gá Ezra ló pè láti pápá náà, ohùn rẹ̀ kò yé èèyàn dáadáa. Táyé ti wà lókè òpó nígbà tí ìjì náà dé. Òpó náà ṣubú tòun ti Táyé. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Nígbà tí Débọ́lá délé, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Jésù, o ṣeun! Ikú tó ń bọ̀ wá mú Mikail ti yẹ̀ lórí ẹ̀. Ìran náà ti kọjá. Wò ó, ọmọ mi, n kò ní dí ọ lọ́wọ́ mọ́. Kí ó kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá mọ̀ wá."

Ohun tí Débọ́lá ti ń bẹ ìyá rẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí ló wá gbọ́ yẹn. Ó sáré jáde kúrò nínú ilé.

Mikail kò mọ nǹkan kan. Ó rò pé ọ̀gá ló fi Táyé pààrọ̀ òun. Òun ló wọ inú sàréè láti gba òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Débọ́lá bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Alhaja, níbi tó jókòó sí láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Mikail, ìyá mi ti gbà ká fẹ́ra."

Ó gbójú sókè. Ayọ̀ fẹ́ yọ lójú ẹ̀, ó tún wọlé.

"Ṣùgbọ́n n kò lè gbé irọ́ wọ ilé rẹ." Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀: ìran, ẹ̀rù, orúkọ tó yọ.

"Sọ́fítíwíà ló gbé orúkọ Táyé wá fún ọ?" Mikail béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O rí i pé Táyé ni?"

"Mo rí i."

"O sì gbà gbọ́ pé ikú wà níbẹ̀."

Mikail fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé bí o kò bá sọ ọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo fẹ́ràn rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn kò kúrò, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ láràárọ̀, ohun tí n ó máa rò ni pé ẹlòmíràn ló yẹ kó jí."

Ó ríṣẹ́ sí Kútọnu. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Débọ́lá sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Mazamaza. Alhaja ti wà níbẹ̀, ó ń to búrẹ́dì àti gààrì sínú báàgì ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà. Mikail kò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó di ọwọ́ Débọ́lá mú. "Má dúró dè mí o."

"Mo gbọ́."

"Jẹun dáadáa."

"Ìwọ náà." Omi bò ó lójú. "Mikail, mo fẹ́ kí o wà láàyè ni."

"Mo mọ̀," ó wí, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n wò ó títí tó fi wọ àárín àwọn ọkọ̀ yòókù lọ. Alhaja fi ìborùn nu ojú, ó fọwọ́ kọ́ Débọ́lá lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, má sunkún mọ́. Ọkùnrin á lọ, á padà. Ṣé ilé lò ń lọ báyìí?"

"Rárá, mà. Ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ni mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá a sọ."

"O káre láé! Ọmọ dáadáa ni ọ́. Dúró, jẹ́ kí n tẹ̀lé ọ, kí n bá ọ kí i."

Débọ́lá wojú ìyá náà. Ó fẹ́ ní kó padà sílé, kó má wá gbọ́ ohun tí òun fẹ́ jẹ́wọ́ fún Kẹ́hìndé. Ó kàn mi orí pé ó dáa. Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, àwọn méjèèjì sì jọ sọdá títì.