Ẹ̀fẹ̀ Tó Pa Senkichi

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ Teizo fún ọ. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Teizo ń wa ọkọ̀ òfuurufú ìjà fún àwọn ológun ojú omi Japan ní Rabaul, ìlú kan ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Ọkọ̀ ọ̀tá méje ló ti yìnbọn já lulẹ̀, ni agbéraga bá gbàgbé pé Ọlọ́run ń bẹ.

Gbogbo wọn ló ní páráṣúùtì, aṣọ ńlá tí í gbé awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń jóná. Ṣùgbọ́n Teizo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í so okùn rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń fi í ṣe tìmùtìmù ìjókòó lásán. Lójú wọn, kí ọ̀tá mú èèyàn láàyè, ìtìjú gbogbo ìdílé ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Senkichi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó máa ń fò tẹ̀ lé e, nìkan ló ń so tirẹ̀. Ọmọ ìjọ tí èmi ń ṣe pásítọ̀ rẹ̀ ni, ní abúlé apẹja kan ní Shimabara, ní Japan. Ìyá rẹ̀ Fusa, opó tí kò bí ju òun nìkan lọ, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa so ó. Senkichi a máa sọ̀rọ̀ Jésù fún Teizo. Teizo a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì, Teizo pè é níwájú gbogbo wọn.

"Senkichi, okùn tí ò ń so mọ́ra yìí, ọmú ìyá ẹ ló fẹ́ gbé ẹ padà sí ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà. Ó tú okùn, ó kó o sílẹ̀.

"Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti pàdé ọ̀tá lójú ọ̀run, iná sì ti mú ọkọ̀ Senkichi. Teizo sún mọ́ ọn débi tó ń rí ojú rẹ̀. Ọmọ náà dìde láti bẹ́, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó rántí pé òun kò so okùn. Ó wo Teizo, ó tẹrí ba fún un, ó sì bá ọkọ̀ lọ sínú òkun. Teizo kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ikú kiri ojú ọ̀run, ikú kọ̀ ọ́. Nígbà tí ogun parí, ó gbé irun àti èékánná tí Senkichi gé sílẹ̀ de ọjọ́ ikú, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ológun Japan, lọ fún ìyá rẹ̀. Ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní.

"Màmá, èmi ni mo pa ọmọ yín. Ẹnu mi yìí ni mo fi pa á."

Fusa sunkún, ó sunkún. Èmi pásítọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Fusa ní Senkichi ti kọ̀wé sí òun pé kí òun máa gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n kan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Teizo, òun sì ń pe orúkọ náà níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́.

"Ó dùn mí wọra," ló wí. "Ṣùgbọ́n Jésù kú fún ìwọ náà. Gbà á, ọmọ mi. N kò lè ṣọ̀fọ̀ ẹni méjì."

Lórí ẹní yẹn ni Teizo ti ké pe Jésù, ó sì rí ìdáríjì gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ. Títí dòní, bó bá ń gbàdúrà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọlọ́run dárí jì í. Senkichi kò padà wálé.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìgbéraga rẹ ń tì lọ sọ́wọ́ ikú? Ọmọ rẹ ni? Aya rẹ ni? Àbí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ lé Jésù, tí ẹ̀rín rẹ lé padà? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè.