Rọ́bà Kì Í Ka Kìlómítà

Ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò náà kọ́kọ́ rí mẹkáníìkì kan, ńṣe ni ọkùnrin náà dijú pa. Ó dúró ti ọkọ̀ kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ó fi orí irin gbọọrọ kan kan ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé orí kejì, ó ń gbọ́ ọ bí ìyá ṣe ń gbọ́ àyà ọmọ tó ń wúkọ́. Ọ́ìlì ti gba ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ tutù minimini. Olùkọ́ náà fẹ́ kí i, àmọ́ kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó kàn dúró, ó ń wò ó.

Nígbà tí mẹkáníìkì náà lajú, olùkọ́ náà ló kọ́kọ́ rí.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, mi ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní wọ́n purọ́ mọ́ òun. Wọ́n ní kí n tú òun palẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì kan péré ló tú."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ ilé-ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ tirẹ̀ yìí sì ti lo ọdún méjìlélógún lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àpá kankan lára. Ìwé kan wà nínú àpótí iwájú rẹ̀ tí Bàbá ń kọ gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ sí: ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó ṣe é. Ní báyìí, kíndìnrín Bàbá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ náà ti di bàìbàì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń wà á lọ sí ilé-ìwòsàn kí wọ́n lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí Bàbá ti búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ tí òun kò mọ inú rẹ̀. Afárá gígùn kan wà lójú ọ̀nà náà tí kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Kí ọkọ̀ kú lórí afárá yẹn, pẹ̀lú Bàbá nínú rẹ̀, ni ẹ̀rù tó ń jí olùkọ́ náà ní ìdájí.

"Ẹ bá mi yí gbogbo nǹkan tó bá ṣeé yí," ó ní.

Mẹkáníìkì náà gba ìwé Bàbá, ó kà á fínnífínní, ó sì ń fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ńkọ́? Ó ṣì dára. Pọ́lọ́ọ̀gì? Ó ṣì dára. Ó tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ṣọ́ọ̀kì, ó ní ìyẹn náà ṣì dára.

"Abájọ tí wọ́n fi ń pè yín ní Ó-Ṣì-Dára! Ṣé ẹ ò fẹ́ jẹun ni?"

"Mo ti jẹun láàárọ̀, Àǹtí." Ṣùgbọ́n ó ti dúró lórí ojú ìwé kan, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mi ò rí i níbí."

"Wọ́n ní ó di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún kìlómítà ká tó yí i. A ò tíì pé ọgọ́ta."

"Rọ́bà ni, Àǹtí. Rọ́bà kì í ka kìlómítà, ọdún ló ń kà. Táyà àti rọ́bà bíréèkì, Bàbá ti yí wọn torí wọ́n wà níta. Èyí wà lábẹ́ ìdérí, ojú ò tó o. Tó bá já lórí ìrìn, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ sọ fún Bàbá. Ọkọ̀ wọn ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gba olùkọ́ náà kó tó rí ẹnu sọ ọ́ fún Bàbá, tí kì í fẹ́ gbọ́ àléébù ọkọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, tí iléèwé bá ti parí, á yà sí ọgbà mẹkáníìkì láti wá sọ pé òun kò tíì sọ ọ́. Ó-Ṣì-Dára á tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí bẹ́ǹṣì fún un, olùkọ́ náà á jókòó síbẹ̀, á máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Kò pẹ́ tí "Àǹtí" fi di "Tíṣà mi". Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú kan wá di ìfẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó ní kó mú mẹkáníìkì ọ̀hún wá. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó ti lè máa wo òjìji ọkọ̀ rẹ̀.

"Gbogbo ọkọ̀ jákujàku ló ṣì dára lójú ẹ, tèmi nìkan ni ò dára?"

"Ọkọ̀ yín dára, sà. Mi ò rírú ẹ̀ rí. Bẹ́líìtì nìkan ni."

"Ṣé o ti rí bẹ́líìtì ọ̀hún?"

"Rárá, sà. Ó di ká tú ìdérí."

"O ò rí bẹ́líìtì. Ọmọ mi lo rí. Àwáwí ni bẹ́líìtì."

Ó-Ṣì-Dára wolẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Mo rí ọmọ yín lóòótọ́, sà, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè purọ́ nípa ọkọ̀ tó ń wà."

"Máa lọ. Ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ mọ́. Ọmọ mi náà ńkọ́? Bákan náà."

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ náà sáré lọ bá a. "Bàbá máa ń sùn lọ́sàn-án. Wá yí i. Wọn ò ní mọ̀."

"Mi ò lè ṣe é, Tíṣà mi. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá fi kọ ìwé yẹn láìsí irọ́ kan nínú ẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá sọ ọ́ di irọ́?"

"Tó bá já lórí afárá, ṣé ìwé ló máa gbé wọn?"

"Olólùfẹ́ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀!"

Pẹ̀lú omijé lójú ló kúrò níbẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni mẹkáníìkì náà sọ, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ afárá, ó rí alùpùpù kan nínú dígí, àpò irinṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń gùn ún. Alùpùpù náà tẹ̀ lé wọn dé ilé-ìwòsàn, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí wọ́n fi jáde, ó sì sìn wọ́n padà sọdá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta náà. Olùkọ́ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń fi ojú wá a nínú dígí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, òjò ń rọ̀. Bàbá, tí kì í jókòó sínú ọkọ̀ kó má yí dígí ẹ̀gbẹ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, dédé sọ̀rọ̀.

"Ta ni ọlọ́kadà tó ń tẹ̀ lé wa yìí?"

"Ẹ rí i, Bàbá?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń rí i. Ojú mi bàìbàì ni, mi ò fọ́jú. Mo kọ́kọ́ rò pé torí ẹ ni. Àmọ́ tí a bá ti dé afárá ló ń sún mọ́ wa, tí a bá kọjá ẹ̀, á fà sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbí, ká tó débẹ̀."

Bàbá yí gíláàsì wálẹ̀. Ó-Ṣì-Dára dé ẹ̀gbẹ́ wọn, omi ń kán ní gbogbo ara rẹ̀.

"Kí lo ń tẹ̀ lé wa fún?"

"Bẹ́líìtì yẹn ni, sà. Mi ò mọ ọjọ́ tó máa já."

"Tó bá já, kí lo lè ṣe fún ọkọ̀ lórí afárá?"

"Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe fún ọkọ̀, sà. Ẹ̀yin ni mo máa gbé." Ó tú àpò rẹ̀, ó fa aṣọ òjò kan yọ tí wọ́n ká dáadáa, tó gbẹ fúrúfúrú. "Tiyín rèé."

Bàbá wo aṣọ gbígbẹ náà, ó wo ẹni tí òjò pa.

"Wá sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Níṣojú mi ni wàá tú u."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá gbé àga síta, ó jókòó ti iṣẹ́ náà láti àárọ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì jáde, Ó-Ṣì-Dára gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ó fi àtàǹpàkò wá ara rẹ̀ kiri. Ó ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Méjì nínú eyín rọ́bà náà ti bọ́.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," Bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló tún kù tí a ó ṣe sí i?"

"Kò sí, sà. Ó ṣì dára."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọkọ̀ nìyẹn. Èmi ò ní pẹ́ mọ́, mo mọ̀. Ẹ gbé ìwé mi wá."

Ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. "Kà á sókè, kí n mọ̀ bóyá ó hàn."

Olùkọ́ náà ka ọjọ́, ó ka kìlómítà. "Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, tuntun. Ẹni tó ṣe é..."

"Parí ẹ̀."

"Ẹni tó ṣe é: ọkọ ọmọ mi."

Aṣọ ìnuwọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ó-Ṣì-Dára.

"Tí mo bá ṣì í kọ, ẹ pa á rẹ́," Bàbá wí, ó na bírò sí wọn.

Mẹkáníìkì náà kò gbà á. Ó wo olùkọ́ náà. "Tíṣà mi, ẹ̀yin lẹ máa ń máàkì."

Olùkọ́ náà gba bírò náà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà tí Bàbá kọ ló fi àmì sí, irú èyí tó máa ń fi síwájú ìdáhùn ọmọ iléèwé tó bá tọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó dá ìwé padà sínú àpótí iwájú ọkọ̀, níbi tí Bàbá máa ń fi í sí.