Tilda Nìkan Ló Kù

“Ẹ má bínú, Màmá àgbà, ara mi ò yá. Mi ò ní lè wá.” Tilda wúkọ́ sínú fóònù. Jodie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni ìyá àgbà dáhùn. “Òní la máa ro púdìn Kérésì kẹ̀! Iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ náà ńkọ́? Mo ti ṣètò gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.”

“Màá wá lọ́la, mà.”

Ọ̀gbẹ́ni Thwaite, olùkọ́ wọn, ló ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ pípo nǹkan pọ̀, kí ó kọ ìtumọ̀, orísun àti ìlò rẹ̀. Ẹnu àgbà ilé ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe orí fóònù. Tilda mú “stir”, ìyẹn “rò”, nítorí ìyá àgbà rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní Sunday kan ní oṣù kọkànlá, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá délé, ẹbí á yí abọ́ púdìn, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti èso gbígbẹ pò, ká, kálukú á dijú, á fi ṣíbí onígi rò ó láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, á sì tọrọ ohun kan nínú ọkàn rẹ̀. Bí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì rò ó, ìyá àgbà kì í gbé e kaná.

“Ta ló ń ro púdìn pẹ̀lú arúgbó lóde òní?” ni Jodie fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Fóònù ẹ mọ̀ jù wọ́n lọ, jàre.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Tilda fi da iṣẹ́ náà kọ láti orí fóònù, ni wọ́n bá gba ibi tí wọ́n ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín lọ. Ní Monday, ó rẹ̀ ẹ́, kò lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ní Tuesday, olùkọ́ ka iṣẹ́ rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì. “Ta lo bi?”

“Ìyá àgbà mi ni, sà.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó sáré wálé pẹ̀lú ayọ̀, ó sì bá Elaine, ìyá rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. “Tilda, Màmá ti lọ. Ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀.”

Nígbà tí wọ́n dé yàrá oúnjẹ ìyá àgbà, abọ́ púdìn wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, ṣíbí sì wà nínú rẹ̀. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Elaine, má tíì sè é o. Ara Tilda ò yá. Òun nìkan ló kù.” Ẹ̀yìn ìwé náà kún fún ohun tí ìyá àgbà kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ Tilda:

“Ìtumọ̀: kí á fi ṣíbí po nǹkan pọ̀. Orísun: ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa ni, ohun tó túmọ̀ sí fún wọn ni kí nǹkan mira. Ìlò: Èmi àti ọmọ-ọmọ mi ń ro púdìn.”

Ẹkún gbọ̀n Tilda. “Mọ́mì, ara mi yá lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa.”

Ìyá rẹ̀ fa ṣíbí lé e lọ́wọ́. Púdìn náà ti le, ọwọ́ méjèèjì ni Tilda fi rò ó. Ó dijú láti tọrọ, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ fún olùkọ́, wọ́n sì fagi lé máàkì rẹ̀. Ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó ń dùn ún di òní ni pé ẹni tó fẹ́ràn òun ń dúró de òun, òun sì ń fi irọ́ sún ìbẹ̀wò náà di ọ̀la. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń retí yín, nígbà tó ṣì lè ṣílẹ̀kùn fún yín.