Ẹ Ṣeun fún Mẹ́jọ

Tábìlì náà kúrú. Orúnkún télọ̀ kò wọ abẹ́ rẹ̀. Ó gbé e padà lọ fún káfíńtà, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọdé lẹ kan èyí fún ni?"

Káfíńtà wo tábìlì, ó wo obìnrin. "Tábìlì kọ́ ló kúrú. Ọwọ́ mi ni."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ìka méjì ti lọ níbẹ̀: ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ayùn oníná ló gé wọn, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń na ọwọ́ wọn igi, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Kò lo téèpù rí. Ọwọ́ ti wá kúrú, ṣùgbọ́n iye ìgbà tó ń nà án tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń nà án. Gbogbo ohun tó bá kàn ló ń kéré.

Télọ̀ bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn.

"Téèpù aṣọ?"

"Ṣé igi á mọ̀ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Télọ̀ padà wá yẹ tábìlì tuntun wò. Ó padà wá nígbà tí kò sí tábìlì kankan láti yẹ̀ wò. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ jẹun. Obìnrin ní kí àwọn dúpẹ́.

"Ẹ dúpẹ́ tiyín. Èmi ò rí nǹkan tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí."

"Mélòó ló kù?"

"Kí ni?"

"Ìka."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́jọ."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀."

Inú bí ọkùnrin náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá. Lọ́sẹ̀ kejì ó sún síwájú díẹ̀.

Ní oṣù kẹrin tó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, télọ̀ yà sí ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó wọlé. Káfíńtà ò tíì fi ayùn kan igi. Ó ń sọ pé, "Olúwa, ẹ ṣeun fún mẹ́jọ. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí méjì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun."

Télọ̀ dúró síta. Láti ọmọdé ló ti ń gbàdúrà. Àdúrà tirẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò bá Ọlọ́run sòótọ́ báyìí rí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹni tó rò pé òun ń kọ́. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ̀, alàgbà ìjọ, ní rárá.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, ọwọ́ náà ò sì pé. Kí lẹ máa jẹ?"

"Ọlọ́run á pèsè, Bàámi."

"Ọlọ́run kì í bá èèyàn kan tábìlì."

"Ẹ̀yin lẹ wàásù ìpèsè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Ṣé kí n lọ gba àmín mi padà ni?"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Bàbá ní, "Tí o bá fẹ́ ẹ, má retí pé èmi ni màá fà ọ́ lé e lọ́wọ́."

"Màá máa gbàdúrà fún yín, sà."

"Má gbàdúrà fún mi."

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá, ó sunkún. Ó ní, "Olúwa, ẹ̀yin lẹ ní ká gbẹ́kẹ̀ lé yín. Mo ti gbé e lé yín. Tí ojú bá máa ti ẹnì kan, èmi àti ẹ̀yin ni."

Káfíńtà ń ṣiyèméjì. "Olólùfẹ́ mi, bàbá ni bàbá. Jẹ́ ká ní sùúrù."

"Sùúrù ni mo fi dàgbà. Ṣé o fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́. Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ká ṣègbéyàwó."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, télọ̀ nìkan ló rìn wọlé, ó gbé orí sókè. Bàbá rẹ̀ wá. Kò bá àwọn alàgbà jókòó; ìjókòó tó gbẹ̀yìn pátápátá ló wà.

Àlùfáà ka ìwé rẹ̀ débi tó ti máa ń bèèrè. "Ta ló fa obìnrin yìí lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́?"

Àlùfáà wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ọlọ́run ni, sà," ni ìyàwó wí. "Bàbá mi náà wà níjókòó. Tí wọ́n bá fẹ́ bá Ọlọ́run fà mí, àyè wà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà fi ìwé bojú.

Bàbá dìde. Ó pẹ́ kó tó rìn dé iwájú. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó wo àlùfáà.

"Ọlọ́run ló fà á," ni ó wí. "Èmi ń tẹ̀ lé E bọ̀ ni. Mo kàn pẹ́ lọ́nà díẹ̀."